Ọmọ Tí Mi Ò Kà Nílé Màmá

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n sọ bí iṣẹ́ tí mo ṣe ṣe rí, mo kí yín. Ó ti rẹ̀ mí, kí n má parọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ tí mo bá jí láàárọ̀, orúnkún mi ṣì máa ń ro mí bí ẹni pé mo tún fẹ́ gun àtẹ̀gùn ilé ẹnì kan. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa wá àwọn tó ní ikọ́ ife kiri ìlú Houston, kí n máa wò wọ́n títí wọ́n á fi gbé oògùn wọn mì, kí n sì wá gbogbo ẹni tó ti bá wọn mí afẹ́fẹ́ yàrá kan náà jáde. Ìyẹn náà ni. N kò tíì rí ẹni tó fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yangàn níbi ìgbéyàwó.

Ọ̀kan nínú yín ni mo fẹ́ dá lóhùn jù. Mo máa pè é ní Tómi níbí, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó wà ní yunifásítì ní àdúgbò Third Ward níbí, etí rẹ̀ méjèèjì sì ti di láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé iṣẹ́ tí mo ṣe ni òun fẹ́ ṣe, nítorí oore tí mo ṣe òun nígbà tí òun ń ṣàìsàn. Ó ní kí n sọ òótọ́ inú iṣẹ́ náà fún òun kí òun tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n má baà rí ibi sá gbà: mo wà lára ìdí tí etí ọmọ yẹn fi di. Kò mọ̀. Gbogbo ohun yòókù tí mo máa sọ, ọ̀nà dé ibẹ̀ ni.

Bí mo ṣe wọnú iṣẹ́ náà kò gùn. Mo wá kàwé nípa oògùn ní Third Ward, náírà wó lulẹ̀ nílé, owó ìwé tán, mo sì rí i lára ògiri pé ọ́fíìsì ìlera ń wá ẹni tó lè wakọ̀. Wọ́n gbà mí. Mo rò pé ọdún kan péré ni mo máa lò níbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fi mí tì ni Miss Odessa. Obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà ni wọ́n, Third Ward ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n dàgbà sí, kò sì sí ilé tí wọn ò mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gùn, wọn kì í rẹ́rìn-ín kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan aláìsàn. Àpò ni mo ń gbé. Wọ́n á ní kí n gbé ọkọ̀ sí ilé kẹta sí ilé tí à ń lọ, ì báà jẹ́ nínú òjò. Lọ́jọ́ kan tí omi ti wọ bàtà mi, mo bi wọ́n ní ìdí rẹ̀.

“Aládùúgbò lójú,” ni wọ́n wí. “Tí wọ́n bá rí ọkọ̀ ìjọba lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọn á bi í pé kí ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ kẹrin, kò ní ṣílẹ̀kùn fún wa mọ́.”

A kì í dárúkọ àrùn náà níta. Tí a bá pàdé aláìsàn wa nínú ṣọ́ọ̀bù, tí kò bá kọ́kọ́ kí wa, a ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Miss Odessa ò gbọ́ òwe yẹn rí, àmọ́ òun ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ jẹun.

Òfin wọn tó le jù ni ti oògùn. Oṣù mẹ́fà ni èèyàn fi ń lo oògùn ikọ́ ife, ó kéré tán, ara á sì ti yá kó tó di oṣù kẹta. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá kì í fẹ́ rí oògùn sójú. Àwọn kan á fi í sábẹ́ ahọ́n, àwọn mìíràn á fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni pa obì mọ́. Miss Odessa ní, “Tí ojú rẹ kò bá rí i kó lọ, kò lọ.” Síbẹ̀ wọn kì í ní kí ẹnikẹ́ni la ẹnu kí àwọn wò ó. Wọ́n ní ẹṣin ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ṣe ni wọ́n máa bi ẹni náà bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń se ẹ̀wà. Ẹni tó ní oògùn lẹ́nu kò lè ròyìn ẹ̀wà.

Ọkùnrin kan wà tó búra fún wa pé òun lo oògùn òun ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi ọlọ́jọ́ mẹ́rin kan tí a kò fi wá. Ó sunkún pé a ò gba òun gbọ́. Miss Odessa yọ áńkáṣíìfù funfun, wọ́n nà án sí i, wọ́n ní kó nu ojú. Ó nu ojú tán, wọ́n gbà á padà, wọ́n tẹ́ ẹ sí ìmọ́lẹ̀ wíńdò. Ọ̀kan nínú oògùn yẹn máa ń sọ ìtọ̀ di àwọ̀ ọsàn, ó sì máa ń sọ omijé náà dà bẹ́ẹ̀. Áńkáṣíìfù funfun gbòò. Wọ́n ní, “Omijé rẹ mọ́, arákùnrin. Ó mọ́ jù.” Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì ní ká gbé oògùn wá.

Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń ka abẹ́rẹ́ awọ. A ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fi omi oògùn díẹ̀ sábẹ́ awọ apá, lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta a ó padà lọ wò ó bóyá ó wú; tó bá wú, kòkòrò ikọ́ ife ti wọ ara ẹni náà nìyẹn. Pupa kọ́ là ń wọ̀n, wíwú ni, ìka ni a sì fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi èso ẹ̀wà sábẹ́ aṣọ lórí tábìlì, wọ́n ní kí n dijú kí n fi ìka wá a, kí n fi bírò sàmì sí etí rẹ̀ ọ̀tún àti òsì. Tí mo bá ṣì í, wọ́n á ṣí aṣọ, wọn ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á tún bò ó. Mo ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ló ń pa ni. Ẹni tó sọ ọ́ kò gbé àpò tẹ̀lé Miss Odessa nínú oòrùn Houston rí.

Àmọ́ kíkà ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Tí ẹnì kan bá ń húkọ́, a gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ẹni tó ń sùn nílé yẹn, tó ń jẹun níbẹ̀, tó ń wá síbẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé wa, àrùn náà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn sì máa ń parọ́ iye. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú ìwé onílé, mẹ́sàn-án ló ń gbébẹ̀. Ẹlòmíì, ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kú. Miss Odessa ò bá wọn jiyàn. Wọ́n á ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí àwọn lo balùwẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti ka búrọ́ṣì ìfọyín. Tí wọ́n bá ń jáde, wọ́n á ka bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á wá sọ fún ẹni tó ń gbébẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù pé, “Ẹni mẹ́sàn-án ni mo rí níbí, kì í ṣe mẹ́ta. Èmi ò wá fún onílé, mi ò sì wá fún ìjọba. Nítorí ikọ́ ni mo ṣe wá.” Lọ́pọ̀ ìgbà ẹni náà á mí kanlẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ.

Ọdún kan tí mo ní mo máa lò di ọ̀pọ̀ ọdún. Miss Odessa fẹ̀yìn tì, wọ́n kó lọ bá ọmọ wọn ní ìlú mìíràn. Èmi ni wọ́n wá ń rán sí ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn ìlú, Alief, Mission Bend, títí dé ẹnu ibodè Stafford, ibi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Àwọn ọ̀gá mi rò pé bí mo ṣe jẹ́ ọmọ ilé máa ràn mí lọ́wọ́. Ó ràn mí lọ́wọ́ lóòótọ́. Àwọn tí kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni ń bu oúnjẹ fún mi. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kò ràn mí lọ́wọ́.

Ìyá àgbà kan ni, ará Abẹ́òkúta. Wọ́n wá láti bá ọmọ wọn obìnrin tọ́jú ìkókó, ìkókó dàgbà, wọn ò tíì padà. Bí àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ṣe gbọ́ pé Màmá wà nílé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wọn wá síbẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó yá ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Wọ́n ń lá oyin sí i, wọ́n ń sọ pé atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ni. Kó tó di pé wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò, ó ti lé ní oṣù méjì.

Mo débẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè kan. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìbòmú mi.

“Dìde, ọmọ mi,” ni Màmá wí. “Kí ló dé tí o bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ jalè?”

“Nítorí ikọ́ yín ni, Mà. Ẹ má bínú.”

“Inú ò bí mi. Jókòó. Wọ́n ní oògùn rẹ̀ wà.”

“Ó wà, Mà. Ẹ máa gbádùn. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ yẹ àwọn ọmọ tí ẹ ń bá wọn tọ́jú wò. Mélòó ni gbogbo wọn, Mà?”

Wọ́n ní, “Ọmọ ibo ni ọ́?”

“Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Mà.”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ n'Íjẹ̀bú pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ọlọ́run tó fún wọn lọ́mọ ló mọ iye wọn. Àwọn náà nìyí lórí kápẹ́ẹ̀tì, ojú ẹ kúkú ń rí wọn.”

Mo rẹ́rìn-ín, ìtìjú sì mú mi. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ti gbá mi lẹ́nu rí nítorí pé mo nàka sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, mo ń ní ení, èjì, ẹ̀ta. Mo mọ̀ pé Màmá ò tíì dá mi lóhùn. Tó bá jẹ́ ará Mẹ́síkò ni, tàbí òyìnbó, mo máa tún un bi. Àmọ́ àgbàlagbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún, tó ti fi òwe ilé wa lé mi sẹ́yìn, mi ò lẹ́nu láti bi í lẹ́ẹ̀kejì. Mo bá ṣe ohun tí Miss Odessa kọ́ mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lo balùwẹ̀.

Ọmọ mẹ́fà ló wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàtà ọmọdé mẹ́fà ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Búrọ́ṣì kékeré mẹ́fà ló wà nínú ife. Orí, bàtà àti búrọ́ṣì bára mu, inú mi sì dùn pé mo ti ka ọmọ ọlọ́mọ láìjẹ́ kí ẹnu mi kà á. Bí mo ṣe ń jáde, mo rí ìgò mílíìkì ìkókó kan tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n dà dojú dé lẹ́bàá ibi ìfọwọ́. Èyí tó kéré jù lórí kápẹ́ẹ̀tì ti tó ọmọ ọdún méjì. Mo ní bóyá òun ni, bóyá wọn ò tíì já a lẹ́nu ìgò. Kó yé yín o: mo rí ìgò náà. Mi ò lè sọ láéláé pé mi ò rí i.

Mo kọ mẹ́fà. A yẹ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò, kòkòrò náà ti wọ ara méjì nínú wọn, a fún wọn ní oògùn kó tó jí, kò sì sí èyí tó ṣàìsàn. Màmá bẹ̀rẹ̀ oògùn tiwọn, wọ́n ń gbádùn. Mo ń yan kiri ọ́fíìsì.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ọsibítù kan fi orúkọ ìkókó kan ránṣẹ́ sí wa. Ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ibà, èébì, ọrùn tó le gbagidi. Kòkòrò ikọ́ ife ti wọ inú ọpọlọ rẹ̀. Mo lọ bá ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bùkọ́lá lorúkọ tí mo máa pè é. Kò tíì pé ọdún kan tó gba físà iṣẹ́ wọ Amẹ́ríkà, ọsibítù mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo bi í bóyá ẹnì kan wà tó ń húkọ́ nílé. Ó ní rárá. Mo bi í ta ló ń bá a tọ́jú ọmọ.

“Màmá kan ní Alief,” ló wí. “Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan, tí mo bá wà on duty.”

Ó dárúkọ Màmá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, ẹ̀yin ọmọ. Ìkókó tí kò tíì hu eyín, tí kò tíì rìn, kò ní búrọ́ṣì, kò sì ní bàtà. Ìgò mílíìkì nìkan ló ní, mo sì ti rí i. Ká ní orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé mi lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, à bá ti fún un ní oògùn tó ń dènà rẹ̀, kì bá tí dé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo kọ ìjábọ̀. Mo kọ ọ́ pé, “Olùtọ́jú àwọn ọmọ kò sọ pé ọmọ yìí wà.” Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀gá mi ìgbà yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, kà á, ó fi àmì sí i, ó kọjá sí èyí tó kàn. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Mo fẹ́ kí ẹnì kan bi mí. Mo rò pé ká ní Miss Odessa ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á kàn wò mí ni, màá sì sọ gbogbo rẹ̀.

Mo bẹ̀bẹ̀ pé èmi ni kí wọ́n máa rán lọ fún ọmọ náà lóògùn nígbà tó kúrò ní ọsibítù. Odindi ọdún kan ni. Mo máa ń lọ oògùn náà kúnná, màá pò ó mọ́ ápù lílọ̀, màá gbé e sí orí itan mi, màá sì fi ìka méjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú kó má tu ú jáde. Ó tu ú sí ṣẹ́ẹ̀tì mi tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi ya ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún sọ́tọ̀ fún un. Ní oṣù kẹrin, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi bọ́ sílẹ̀ lórí táìlì ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀. Ọmọ náà ò yíjú. Mo tún mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀, ó ń bá bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣeré. Bùkọ́lá wà ní ilé ìdáná, ó ń kọrin. Ọjọ́ méjì ni mo fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́nú kí n tó lè sọ fún un pé kó gbé ọmọ lọ fún àwọn tó ń yẹ etí wò.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ọmọ náà yè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé. Etí ni àrùn náà gbà lọ. Bùkọ́lá sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ló rẹ̀ mí ju àtẹ̀gùn lọ. Gbogbo ọjọ́ Kérésìmesì ló ń pè mí. Ọmọ náà dàgbà, ó ń pè mí ní Grandpa, ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún mi, mo mọ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀: báwo ni, jẹun, ó dàárọ̀. Mo jẹ ìrẹsì wọn, mo gba ọpẹ́ wọn, mo dákẹ́.

Ẹ fẹ́ mọ̀ nípa irinṣẹ́, mo mọ̀, torí ìyẹn ni ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí máa ń bèèrè. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, orí káàdì ni orúkọ wà, inú páálí bàtà ni káàdì wà. Lẹ́yìn náà wọ́n so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ìgbànú mi tó máa ń pariwo tí ọ́fíìsì bá ń wá mi, màá sì máa wá fóònù olówó ẹyọ kiri. Kọ̀ǹpútà dé, páálí bàtà lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà báyìí dípò abẹ́rẹ́ awọ, ìka mi tó ti mọ èso ẹ̀wà kò wúlò mọ́. Nígbà tó ṣe, aláìsàn ń gbé oògùn mì níwájú fóònù tirẹ̀, èmi náà ń wò ó nínú fóònù tèmi. Ó dáa fún orúnkún. Àmọ́ fóònù kì í mú ọ ya balùwẹ̀, kò sì jẹ́ kí o rí bàtà ẹnu ọ̀nà. Nígbà kòrónà, ilé ni mo jókòó sí tí mo ń pe èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń já fóònù lé mi létí. Ọ̀kan ní òun ti mọ ẹni tó rán mi, òun sì ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ̀wé pé mo fẹ́ lọ sinmi. Wọ́n fún mi ní àkàrà òyìnbó kan, orúkọ mi tó wà lórí rẹ̀ kò pé.

Mi ò sinmi. Ọ̀rọ̀ tí Tómi kọ sórí fóònù mi ni kò jẹ́. Ọmọ náà fẹ́ fi ayé rẹ̀ tẹ̀lé tèmi nítorí ìdajì ìtàn. Mo kọ́kọ́ lọ bá ìyá rẹ̀ ní Mission Bend, ní ọjọ́ Sátidé tí Tómi wà nílé ìwé. Bùkọ́lá ti di nọ́ọ̀sì àgbà báyìí, ó ti ra ilé, irun rẹ̀ ti ń funfun.

“Bọ̀dá, ẹ jókòó first,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín.”

Mi ò jókòó. Mo mọ̀ pé tí mo bá jókòó mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Mo sọ ti ọjọ́ Túsìdeè, ti òwe, ti bàtà, ti búrọ́ṣì, ti ìgò mílíìkì. Mo sọ ti ìjábọ̀ tí mo kọ. Ó mú aṣọ ìnulẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

“Bọ̀dá, èmi ni mo pe Màmá,” ló wí nígbà tó yá. “Kí ẹ tó débẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọmọ ti text gbogbo wa pé àwọn health department ń bọ̀. Mo ṣì wà on probation níbi iṣẹ́, àwọn ló sì mú visa mi dání, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á lé mi tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ikọ́. Mo ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ọmọ mi. Ṣebí weekend nìkan ló ń wá.”

Mo wá jókòó.

“Mo rò pé ẹ mọ̀,” ló tún wí. “Mo rò pé ẹ mọ̀ ni, tí ẹ ò kàn fẹ́ dójú tì mí. Every Christmas tí mo bá pè yín, màá máa retí kí ẹ bi mí. Ẹ ò bi mí rí.”

“Mi ò mọ̀,” ni mo wí.

“Màmá sọ nǹkan kan fún mi kí wọ́n tó padà sílé. Ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́ fún yín.”

“Sọ ọ́.”

Ó fi aṣọ náà sílẹ̀. Màmá ti kú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, Abẹ́òkúta ni wọ́n sin wọ́n sí.

“Wọ́n ní òwe yẹn ni àwọn fi lé yín. Wọ́n ní tí ẹ bá tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn ò ní lè purọ́ fún ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn.”

Mo ti rìn nínú oòrùn àti ìkún omi ìlú yìí, mo ti wọ ilé tí àwọn ọlọ́pàá kì í dá wọ̀. Gbólóhùn yẹn ló wúwo jù nínú ohun tí mo gbé rí. A jókòó síbẹ̀ àwa méjèèjì títí omi tútù tó bù fún mi fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú mi bàjẹ́, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, torí òun ń gbé pẹ̀lú ọmọ náà, èmi kàn ń lọ jẹ ìrẹsì ni.

Èmi ló wá béèrè bí a ṣe máa sọ ọ́ fún Tómi.

“Ẹ kọ ọ́,” ló wí. “Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ́.”

“Tómi ò lè ka Yorùbá.”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo máa fi ọwọ́ sọ ọ́ fún un. Tí ẹ bá fi English kọ ọ́, á kà á nínú room ẹ̀ lórí phone, èmi á sì wà ní kitchen, màá máa ṣe bí ẹni tó ń se oúnjẹ.”

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ní Yorùbá nìyẹn, tí ẹ̀yin yòókù náà sì fi rí i kà. Ṣé kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí? Mi ò mọ̀. Àwọn mẹ́fà tí mo kà ti dàgbà, ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ ilé ní Dallas, kò mọ̀ mí, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Iṣẹ́ tó dáa ni iṣẹ́ náà. Ó ń gba ara, ó ń gba ojú, ó sì ń fẹ́ kí èèyàn lè dójú ti ara rẹ̀ níwájú àgbà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mi ò ní lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀ ni a máa kà á. Èmi máa kà á sókè, Bùkọ́lá á máa fi ọwọ́ sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, títí kan apá tirẹ̀. Mo ní kó fi gbólóhùn kan sílẹ̀ fún mi, pé mo rí ìgò mílíìkì rẹ, mi ò sì béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ ìyẹn, kí n fúnra mi kọjú sí ọmọ náà kí n sọ ọ́. Ó ti kọ́ mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dán an wò níwájú dígí. Ìka mi ti le, ìyàwó mi ní mo ń ṣe é wéré jù, pé kí n fara balẹ̀, kó lè yé e.